Òdòdó Tí Mo Jó Mọ́ Asà Ọlọ́pàá

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n gbé ọkọ̀ náà wá bá mi, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì sì ṣì wà lọ́rùn mi. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń retí oúnjẹ tí kò ní tètè dé, nítorí pé ìyàwó mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn. Bẹ́ẹ̀ ni píkọ́ọ̀pù àwọn ọlọ́pàá wọ àgbàlá mi ní Ìfọ̀nyìn, ìlú tí ìwé ìjọba Benin ń pè ní Ifangni. Ọlọ́pàá kan sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí n jọ̀ọ́ wá wo ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà. Mo rò pé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ló kọṣẹ́. Ihò kan ni mo rí lára ilẹ̀kùn awakọ̀. Mo ki ìka bọ̀ ọ́, ìka náà sì yọ sínú ọkọ̀. Ilẹ̀kùn yẹn kò nípọn ju páànù tí a fi ń bo ilé adìẹ lọ.

"Ta ló wà nídìí ọkọ̀?" ni mo bi í.

"Rufin ni. Ọta ìbọn bù ú lẹ́ran itan. Kò kú, ẹ fọkàn balẹ̀. Àwọn adigunjalè kan ló dènà lójú ọ̀nà Igolo."

Rufin ni àbúrò ìyàwó mi, òun nìkan ṣoṣo sì ni àbúrò tó ní. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá wọn kú, ìyàwó mi ló tọ́ ọ títí ó fi di ọlọ́pàá awakọ̀. Nígbà tí Ìyá Chantal, ìyẹn ìyàwó mi, dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ojú ọgbẹ́ àbúrò rẹ̀. Kò sunkún. Ó wẹ̀, ó gbé gàrí síwájú mi, ó ní: "Ó ti ń sọ pé òun máa padà sídìí ọkọ̀ yẹn. Olóríkunkun ni." Mo ní ṣebí òun náà ló tọ́ ọ. Kò rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́.

Súdọ̀ ni mí. Àwọn ará Ìdíìrókò tí a jọ pààlà ń pè wá ní wẹ́dà. Èyí ó wù kí wọ́n pè é, iṣẹ́ kan náà ni: a ń fi iná jó irin mọ́ irin, ojú wa la sì fi ń san án. Gèètì, fèrèsé, àkàbà, bẹ́ẹ̀dì onírin, èmi ni mo ṣe ìdajì èyí tó wà láti Igolo dé Lagbé. Ẹ kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè, nítorí pé mo máa ń jó òdòdó kékeré kan, eléwé mẹ́fà, sí àárín ohunkóhun tó bá ti ọwọ́ mi jáde. Ìyẹn ni bùwọ́lùwé mi. Àwọn èèyàn ti sọ mí ní Bàbá Olódòdó, n kò sì bá wọn jà.

Lọ́jọ́ kejì ni kọmísẹ́ẹ̀, ìyẹn ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá náà, wá fúnra rẹ̀. Ará apá òkè orílẹ̀-èdè wa ni, Nàgó rẹ̀, ìyẹn Yorùbá tiwa, kò ju ti ẹni tó ń ra tòmátì lọ, nítorí náà ó máa ń fi Faransé dí gbogbo ibi tó bá ti jò.

Ó ní: "Maître, wọ́n ní olè kò lè ṣí ilẹ̀kùn tí o bá ṣe. C'est vrai?"

"Òótọ́ ni, mon commissaire."

"Bon. Mo fẹ́ ilẹ̀kùn tí ìbọn kò lè ṣí."

Ó wá fi àwòrán kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Ọkọ̀ ológun àwọn òyìnbó ni, asà irin ká mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí adìẹ tó pa ìyẹ́ dé. Bí ìjà bá dé, wọ́n á fa okùn, ìyẹ́ náà á nà sí ọ̀tún àti òsì, á bo ilẹ̀kùn àti táyà, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ á sì ráyè sá sẹ́yìn rẹ̀. Ó ní àwọn ti kọ̀wé sókè láti béèrè irú rẹ̀, wọ́n sì ti fèsì pé àwọn ń yẹ ìwé náà wò. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní ó dá òun lójú pé wọ́n á ti mọ̀ ọ́n sórí.

Ẹni tó bá gbọ́n á sọ pé gèètì lòun ń ṣe, òun kì í ṣe ológun. Ṣùgbọ́n ó ti pè mí ní Maître, ìyẹn ọ̀gá oníṣẹ́, ìyàwó mi sì dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń gbọ́. Mo ní mo máa ṣe é. Bí ọkùnrin náà ti ń lọ ni Ìyá Chantal sọ pé: "Ṣe é bí ẹni pé èmi ni mo máa jókòó sẹ́yìn rẹ̀."

Kí ẹ tó rò pé mo kàn fi ẹnu gbé iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀. Gbogbo irin kọ́ ni irin. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, Bàbá Titus tó ti di olóògbé báyìí, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta láti fi ṣe sìmẹ́ńtì. Irin kan wà tí wọ́n fi ń tẹ́ ọ̀fun ẹ̀rọ tí òkúta ń gbà kọjá, kí òkúta má baà jẹ ẹ̀rọ náà tán. Irin agídí ni Bàbá Titus ń pè é. Bí a bá fi fáìlì rà á, fáìlì á kàn máa yọ̀ lórí rẹ̀ ni, kò ní jẹ ẹ́. Bàbá Titus máa ń sọ fún wa pé irin agídí kò fẹ́ iná: "Ibi tí iná bá ti kàn lára rẹ̀, ó ti di irin gèètì nìyẹn." Mo gbọ́ ọ. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pàápàá. Mo sì ti fi ọ̀rọ̀ yìí bá àwọn súdọ̀ mìíràn wí lójú agbo rí, kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹni tó kọ́ṣẹ́ ni mí.

Mo wá irin agídí yìí lọ síbi tí wọ́n ń kó àlòkù ẹ̀rọ sí, mo rí awẹ́ mẹ́rin gbàǹgbà gbàǹgbà, tí ihò bóòtù ti wà lára wọn láti ilé. Inú mi dùn sí ihò wọ̀nyẹn, nítorí pé mo lè fi bóòtù de asà mọ́ férémù láìfi iná kàn án rárá. Gígé ló kù. Ẹ̀rọ gígé irin ni mo lò, pẹ̀lú omi tí a ń dà sí i láìdáwọ́ dúró kí ó má baà gbóná.

Rufin ló ń da omi náà. Wọ́n ti fún un ní ìsinmi àìsàn, ó sì ń tiro wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láràárọ̀ nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò jẹ́ kó gbádùn nílé. Á na ẹsẹ̀ sórí àpótí, á di kẹ́tùlù mú, á máa rọ omi sí ojú irin bí ẹni tó ń bu omi fún àlejò fọwọ́.

"Bàbá Chantal, kí ni omi yìí wà fún gan-an?"

Mo sọ fún un. Mo sọ ọ̀rọ̀ Bàbá Titus fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì fi fáìlì hàn án bó ṣe ń yọ̀. Ó gba fáìlì náà, ó rà á títí, ó ní: "Irin yìí jọ ẹ̀gbọ́n mi." A rẹ́rìn-ín débi pé ó da omi sí mi lẹ́sẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó béèrè bóyá ohun tí à ń ṣe yìí máa gba òun là lóòótọ́. Ó béèrè rẹ̀ bí ẹni ń ṣeré, ṣùgbọ́n kò wojú mi. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé èmi ni mo ń ṣe é.

Nígbà tí a gbé asà náà sórí ọkọ̀, ojú rí nǹkan. Lákọ̀ọ́kọ́, ìdí ọkọ̀ náà wọlẹ̀ bí ewúrẹ́ tó lóyún ìbejì. Àwọn ọlọ́kadà tó ń kó kpayo, ìyẹn epo fàyàwọ́ tó ń ti Nàìjíríà wọlé, bẹ̀rẹ̀ sí sáré ya àwọn ọlọ́pàá kọjá lójú ọ̀nà, wọ́n sì máa ń kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bí wọ́n bá ń kọjá. Lẹ́ẹ̀kejì, ọjọ́ tí a kọ́kọ́ fa okùn rẹ̀ wò, ìyẹ́ òsì já bọ́ sórí ẹsẹ̀ ọlọ́pàá ayìnbọn tí gbogbo wa ń pè ní Adjudant. Ó ní bí asà bá ti lè ṣe báyìí sí ọ̀rẹ́, òun káàánú ọ̀tá. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọkọ̀ náà kó sínú kòtò láàárín ọjà Igolo, èèkàn tó di asà mú yọ, ìyẹ́ méjèèjì sì nà gbàà. Àwọn tó ń ṣẹ́ owó rò pé ogun dé. Wọ́n kó àpò wọn, wọ́n sá gba ọ̀nà méjì, àwọn kan sá wọ Nàìjíríà, àwọn kan sá wọ Benin, olúkúlùkù sì sá síbi tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo pààrọ̀ èèkàn náà lọ́jọ́ kejì.

Ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́. A gbé àjákù irin agídí tó ṣẹ́kù lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wa yanrìn pupa ní ọ̀nà Ko-Koumolou, Adjudant yìnbọn sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Ọta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọ́ síbẹ̀. Ojú irin kàn tẹ̀ díẹ̀ ni, bí ibi tí a fi àtàǹpàkò tẹ̀ lára ẹ̀kọ. Rufin fọwọ́ pa ojú ibẹ̀, ó wá dì mọ́ mi. Lọ́jọ́ náà, Ìyá Chantal pa adìẹ fún mi. Ọ̀sẹ̀ kejì ni Rufin padà sídìí ọkọ̀.

Ká ní mo fi mọ síbẹ̀, ìtàn mi ì bá dára. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Kọmísẹ́ẹ̀ ní ọ̀gá àgbà kan ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ láti wá wo asà náà, ó sì ṣeé ṣe kí ó ní kí n ṣe irú rẹ̀ sí ọkọ̀ àwọn àgọ́ mìíràn. Ó ní kí n kun ún dáadáa. Wọ́n gbé ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún mi lọ́jọ́ Sátidé. Mo kun ún ní aró, mo dúró lókèèrè, mo wò ó. Nǹkan kan kò sí lára rẹ̀. Ó dà bí iṣẹ́ ẹlòmíràn.

Mo mú òdòdó mẹ́rin nínú èyí tí mo ti ṣe sílẹ̀, mo ha ọ̀dà àárín asà kọ̀ọ̀kan kúrò, mo jó òdòdó kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn. Mo jó o dáadáa, yíká yíká, kí ó má baà ṣí, mo sì kùn ún ní funfun. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀; ọwọ́ mi kò bi mí kó tó ṣe é, èmi náà kò sì bi ọwọ́ mi. Ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan da omi sórí irin kí iná má baà kàn án ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tan iná sí àárín rẹ̀ gan-an, ó sì ń kọrin bó ti ń ṣe é. Kọmísẹ́ẹ̀ rí i, ó ní: "Ah, c'est joli, ça." Mo gbà pé ó lẹ́wà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ojú mi là. Àgbẹ̀ kan wá láti Lagbé, ó fẹ́ irin líle tí òun máa fi ṣe ojú ẹ̀rọ tí òun fi ń rin ẹ̀gẹ́. Mo mú ìyókù irin agídí yẹn, mo jó ìmú mọ́ ọn fún un, mo sì mú fáìlì láti fi nu eruku iná tó lẹ̀ mọ́ ọn. Fáìlì náà jẹ ẹ́. Mo tún rà á, ó tún jẹ. Mo sún kúrò níbi tí mo ti jó o, fáìlì yọ̀. Mo padà síbẹ̀, ó jẹ. Àgbẹ̀ náà bi mí bóyá ara mi dá. Mo ní oòrùn ni. Nígbà tó lọ, mo gbé ẹ̀rọ ìdáhòlu lé ojú kan náà, ó sì wọlé bí ìgbà tí a gún ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Mo jókòó sórí àpótí tí Rufin máa ń na ẹsẹ̀ sí. Asà mẹ́rin, òdòdó mẹ́rin. Ti ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, bí ó bá nà, òdòdó rẹ̀ wà ní déédéé àyà ẹni tó bá jókòó síbẹ̀. Mo mọ̀, nítorí pé èmi ni mo fi téèpù wọ̀n ọ́n kí ó lè bọ́ sí àárín. Ìyẹn nìkan kọ́: bí o bá fẹ́ yìnbọn sí nǹkan aláwọ̀ aró gbàǹgbà, tí òdòdó funfun kan sì wà láàárín rẹ̀, níbo lo máa wò?

Ẹ máa retí kí n sọ pé mo dìde, mo sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Èmi náà máa ń retí rẹ̀ nígbà tí mo bá ń rántí. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ jẹun. Ọjọ́ Ẹtì kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ọ̀gá àgbà á wá, á wò ó, á lọ. Lẹ́yìn náà mo lè sọ pé mo fẹ́ tún asà náà ṣe, mo lè yọ awẹ́ wọ̀nyẹn kúrò, mo lè fi òmíràn dípò, kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Ọjọ́ mẹ́ta péré. Orúkọ tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́, mo rò pé ó tó ohun tí mo lè fi ọjọ́ mẹ́ta dáàbò bò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Rufin dúró níwájú ilé láti kí wa. Mo jáde lọ bá a nídìí ọkọ̀.

Mo ní: "Rufin, máa jókòó fẹ̀gbẹ́ díẹ̀ bí o bá ń wakọ̀. Má ṣe kọjú sí ilẹ̀kùn gan-an."

"Kí ló dé, Bàbá Chantal?"

"Itan rẹ ni. Kí ó má baà tún wú."

Ó wò mí, ojú rẹ̀ rọ̀. Ó ní ẹ ṣeun o, pé àwọn tó bí òun gan-an kò lè tọ́jú òun ju báyìí lọ.

Lọ́jọ́rú, mo lọ bá kọmísẹ́ẹ̀. Mo ní òdòdó yẹn kò bá mi lára mu mọ́, kí wọ́n gbé ọkọ̀ wá kí n yọ ọ́. Ó ní rárá, pé òdòdó náà ni ọ̀gá àgbà fẹ́ yà ní fọ́tò, wọ́n ti fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. "La fleur reste," ló wí. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ara mi balẹ̀. Mo ti gbìyànjú, wọ́n kọ̀. Mo ń rìn padà sílé bí ẹni tó ti ṣe ojúṣe rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, ìròyìn dé pé wọ́n rí àwọn oníbọn kan lójú ọ̀nà Igolo, ọkọ̀ Rufin sì lọ síbẹ̀. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo ń wo ojú ọ̀nà. Lọ́sàn-án, nǹkan kan dún gbàù láti ọ̀nà náà. Mo sá jáde. Táyà alùpùpù kan tó ru kpayo ló bẹ́. Nígbà tó ṣe, Rufin kọjá, ó fọn fèrè ọkọ̀ sí mi, ó ń jẹ ẹ̀pà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe Ọlọ́run ló jó òdòdó yẹn. Síbẹ̀, n kò sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì dé. Ibi ìwayanrìn Ko-Koumolou náà la pàdé. Ọ̀gá àgbà náà wá pẹ̀lú ayafọ́tò, ó sanra, ó lọ́yàyà, ó bọ gbogbo wa lọ́wọ́. Wọ́n fa okùn, ìyẹ́ asà nà, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó wo òdòdó, ó béèrè ẹni tó ni ín, wọ́n tì mí síwájú. Ó wá ní kí wọ́n yìnbọn sí i kí òun fi ojú ara òun rí i.

Adjudant béèrè ibi tí òun máa yìn ín sí.

Ọ̀gá àgbà ní: "Òdòdó yẹn ńkọ́? Ó ṣeé fojú sùn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà náà ni Rufin jáde láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó sì jókòó sídìí stẹ́rìnnì, lẹ́yìn asà.

Kọmísẹ́ẹ̀ ní: "Rufin, sọ̀ kalẹ̀. Kí lo ń ṣe níbẹ̀?"

Rufin ní: "Chef, ojoojúmọ́ ni mo ń jókòó síbí. Bí kò bá dára kí n jókòó síbí lónìí, ó túmọ̀ sí pé kò dára lánàá. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe é. Èmi ni mo da omi sí i."

Ọ̀gá àgbà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní: "Il a raison, quoi," pé òótọ́ ni Rufin sọ. N kò mọ̀ bóyá wọ́n ì bá yìnbọn náà. Ó ṣeé ṣe kí kọmísẹ́ẹ̀ fi ọwọ́ fà á jáde. N kò dúró kí n mọ̀. Mo rìn lọ síwájú asà náà, mo fi ẹ̀yìn bo òdòdó, mo sì kọjú sí ìbọn Adjudant. Mo ní: "Ẹ má yìn ín. Kò dára. Mo fi iná bà á jẹ́. Ibi tí òdòdó yìí wà, ọta á gbà á kọjá."

Mo tún un sọ ní Faransé, kí ìtìjú náà lè pé. Mo ṣàlàyé irin agídí, mo ṣàlàyé iná, mo sọ pé èmi tó mọ̀ ọ́n ni mo ṣe é, nítorí pé mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi ni mo ṣe é. Wọ́n mú Rufin sọ̀ kalẹ̀. Adjudant yìnbọn kan ṣoṣo. Òdòdó náà fò lọ. A lọ wò ó: ọta gba asà kọjá, ó gba ilẹ̀kùn kọjá, ó sì wọ inú ìjókòó awakọ̀, fọ́ọ̀mù funfun yọ síta.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni n kò retí. Ọ̀gá àgbà náà di ọwọ́ mi mú, ó ní òun kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Ó ní oníṣẹ́ tó lè dá ara rẹ̀ lẹ́bi lójú gbogbo èèyàn, òun ni a lè fọkàn tán. "Voilà un homme honnête," ló wí fún ayafọ́tò, pé olóòótọ́ èèyàn nìyí, wọ́n sì yà mí ní fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà. Kọmísẹ́ẹ̀ pàápàá fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn, àwọn yòókù sì pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní kí n tún asà náà ṣe, kí n sì ṣe méjì mìíràn. Rufin nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó dúró ti ìjókòó yẹn, ó ń ti fọ́ọ̀mù padà sínú ihò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Òun ló gbé mi lọ sílé.

"Bàbá Chantal, ìgbà wo lẹ mọ̀?"

Mo lè sọ pé ní àárọ̀ yẹn ni. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ lórí stẹ́rìnnì, mo ní: "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

Ó ń wakọ̀ lọ. Ó ní: "Ìyẹn lẹ fi ní kí n máa jókòó fẹ̀gbẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo jókòó fẹ̀gbẹ́ o. Lánàá, lọ́nà Igolo, mo jókòó fẹ̀gbẹ́. Mo sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí itan mi." Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà mi, kò pa ọkọ̀ náà. Ó ní: "Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi." Ó sì lọ.

Mo tún asà náà ṣe. Mo wá irin mìíràn, mo gé e pẹ̀lú omi, mo dè é ní bóòtù, n kò fi nǹkan kan sí àárín rẹ̀. Ó burẹ́wà púpọ̀. Láti ìgbà náà, ọta ti bà á lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀nà, ó fọ́ síbẹ̀, Rufin sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò bá mi jà rí. Ó ń kí mi, ó ń dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ, ó ń jẹun nílé wa lọ́jọ́ ọdún. Ó kàn jẹ́ pé bí mo bá sọ fún un pé nǹkan kan dára, á ní ẹ ṣeun, á sì lọ wò ó fúnra rẹ̀.

Wọ́n fún mi ní ìwé ìyìn, ó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi nínú férémù oníjígí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ní kété tí mo rí àṣìṣe náà ni mo kéde rẹ̀. Nítorí ìwé yẹn, ìjọ wa ti ní kí n bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ lórí òtítọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì sọ̀rọ̀ dáadáa. Wọ́n máa ń ní irọ́ a máa rin ogún ọdún kí òtítọ́ tó bá a lọ́jọ́ kan. Tèmi kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni.

Mo ti fi ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ báyìí, ojú mi ti rẹ̀, ìyẹn ni mo fi ráyè kọ̀wé. Rufin kò sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́ta yẹn fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ti dákẹ́ nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, n kò mọ̀ bóyá nítorí tèmi náà ni. Ìyá Chantal mọ̀ pé asà náà bàjẹ́, ó mọ̀ pé mo jẹ́wọ́, ó máa ń sọ ọ́ fún àwọn obìnrin ìjọ pé irú ọkọ tí òun ní nìyẹn. Ṣùgbọ́n Yorùbá àkọsílẹ̀ tèmi kò péye, n kò mọ àmì í fi sórí ọ̀rọ̀. Òun tó máa ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ń bá mi tún ìwé mi ṣe, kò sì sí ojú ewé tó ń ti ọwọ́ mi jáde tí kò kọ́kọ́ gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Nítorí náà, bí ẹ bá rí àmì lórí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, kí ẹ mọ̀ pé Ìyá Chantal ti kà á.